Àmì tí Ó Jábọ́ Lójú Ọ̀nà

Àwọn kan gbà pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. N kò fara mọ́ èrò yìí. Ẹ wo ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí Agége, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Bí àmì bá jábọ́, oko ni gbogbo wọn dà.

Nígbà tí a bá ń kó iṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ni àmì sábà máa ń jábọ́. Unicode fún “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀. “Ẹ́” kò ní. Ńṣe ni a ń so àmì òkè mọ́ “ẹ”, ibi ìsopọ̀ yẹn ni ó sì máa ń tú.

Ìkẹjà kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni Longman Nigeria ti gbé ìwé Yorùbá jáde, kí ọjà kọ̀ǹpútà tó gbilẹ̀ ní òpópónà Otigba. A lè ra ẹ̀rọ tí ó yára lọ́jà náà. A kò lè ra ojú tí yóò fi iṣẹ́ tí a kó dé wé èyí tí a kọ. Alábàárù tí ó gbé agbọ̀n délé, tí ohun inú rẹ̀ ti dànù, kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.