Iṣẹ́ Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní a-b-d gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí NCE, ó kéré tán, èyí tí à ń fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, kí a tó gbà pé ó tó ẹni tí à ń fa ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́; ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dúró níwájú ọgọ́rọ̀ọ̀rún géńdé nínú gbọ̀ngàn yunifásítì, ìwé tí ó kà àti ìwádìí tí ó ṣe ni a máa ń bi í, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó bèèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n kọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, tí a ti fa kíláàsì lé lọ́wọ́, ni èmi ń kọ́ bí a ti í kọ́ni, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́kàn.

Ọ̀tọ̀ ni kí a mọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ̀ ọ́n fi yé ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́ tí ó ti wa kẹ́mísírì dé gbòǹgbò a máa gbàgbé ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gbà débẹ̀. A kọjú sí pátákó, a máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà, a sì rò pé bí òun bá ti sọ ọ́ tán, ó ti yé wọn nìyẹn. Kì í ṣe ìgbéraga. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn án ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kan kalẹ̀ tí mo ń lò títí di òní: kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ mú ẹyọ ọgbọ́n ìkọ́ni kan ṣoṣo, kí ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan, kí a ká a sínú fídíò, kí òun àti ọ̀gá rẹ̀ jọ wò ó, kí ó sì tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ àwọn mìíràn. Nígbà tí a bá ń wò ó, èmi kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé, “Kí lo rí?” Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sì sọ pé, “Ọ̀gá mi, èmi ni mo béèrè, èmi náà ni mo tún dáhùn.”

Mary Budd Rowe, tí ó ṣe ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni olùkọ́ máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀. Bí ó bá sì dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn a gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ a sì la ẹnu. Èyí kò ṣe àjèjì sí wa: àgbà tí ó pa àlọ́ àpamọ̀ kì í sáré túmọ̀ rẹ̀, a jẹ́ kí àwọn ọmọ rò ó, kí wọ́n ṣì í, kí wọ́n tún un rò, nítorí inú ìrònú yẹn ni ọgbọ́n wà. Ọjọ́ tí ọ̀dọ́ olùkọ́ bá kọ́kọ́ fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kíláàsì rẹ̀, tí ọmọ kan láti ẹ̀yìn sì dìde dáhùn, inú mi a máa dùn ju bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ìkọ́ni gba àkókò; a kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni yóò rọ́pò wa. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn aláṣẹ yunifásítì pé kí wọ́n ya àkókò sọ́tọ̀ fún kíkọ́ iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì ka ìkọ́ni tó yanjú mọ́ ohun tí à ń fi gbé olùkọ́ ga, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka ìwé tí ó kọ jáde.