Iṣẹ́ Ọwọ́ Inú Eyín Àtọwọ́dá

Eyín tó lu ihò ṣeé dí. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ oníṣẹ́ eyín àtọwọ́dá, ẹni tí aláìsàn kì í sábà rí, bẹ̀rẹ̀. Bí ará ìlú Òsì kan bá dé ilé ìwòsàn eyín ní Ìlọrin, dókítà á fi èròjà rírọ̀ tẹ àmì erìgì rẹ̀. Oníṣẹ́ eyín á da POP sínú àmì náà, á fi ìda to eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó fi ike akíríìlì rọ́pò ìda. Rọ́bà líle ni wọ́n ń lò kí akíríìlì tó gbòde láti nǹkan bí ọdún 1937.

Àwọ̀ àti ìtò ni ẹwà iṣẹ́ yìí. Ẹni tí Ọlọ́run fi èjí dá lọ́lá lè ní kí wọ́n dá èjí rẹ̀ padà, ọ̀gá tó mọṣẹ́ á sì ṣe é débi pé ará ilé pàápàá lè má fura.

Ìtọ́jú eyín àtọwọ́dá kò le: ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, lórí abọ́ omi, torí bó bá já bọ́ sórí símẹ́ńtì, ó lè fọ́. Omi gbígbóná ń lọ́ ọ. Lálẹ́, inú omi tútù ni àyè rẹ̀, kí erìgì lè sinmi. Èyí tó bá ń yẹ̀ lẹ́nu, dókítà eyín ni kí ẹ gbé e padà fún. Gúlúù kì í ṣe oògùn rẹ̀.