Níbi Tí Òwú Méjèèjì Ti Ń Pàdé

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ longarm dunjú, bọ́bìn kéèsì, ìyẹn ilé irin kékeré tí bọ́bìn òwú ìsàlẹ̀ ń gbé, ló kọ́kọ́ máa ń mú lọ́wọ́ kí ó tó kan aṣọ rárá. Yóò yọ ọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, yóò fa òwú rẹ̀ síta díẹ̀, yóò di orí òwú náà mú, yóò sì jẹ́ kí kéèsì máa rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kéèsì bá já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, òwú ti dẹ̀ jù. Bí ó bá dúró gbagidi tí kò mira, òwú ti le jù. Ohun tó ń retí ni pé kí kéèsì sọ̀ kalẹ̀ níwọ̀nba bí ọwọ́ ti mì, kí ó sì dúró bí ọwọ́ ti dúró.

Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ẹni tí kò mọ̀dí sì lè rò pé ó kàn ń fi í ṣeré ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà. Ọnà mèremère tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òdòdó ni o, ìyẹ́ ẹyẹ ni o, ìlà wínníwínní ni o, orí ohun tí ọwọ́ yẹn ti pinnu ni gbogbo wọn yóò dúró lé.

Àwọn tó ń ṣe kúílìtì ló ń lo ẹ̀rọ yìí, Amẹ́ríkà sì ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Kúílìtì jẹ́ aṣọ ìbora onípele mẹ́ta. Ègé aṣọ aláràbarà ni wọ́n sábà máa ń tò pọ̀ fi ṣe ìpele òkè. Ìpele àárín jẹ́ òwú tàbí irun àgùntàn tó rọ̀ múlọ́múlọ́. Ìpele ìsàlẹ̀ ló máa ń kan ara ẹni tó bá fi bora. Rírán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni iṣẹ́ tí à ń sọ yìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an láyé àtijọ́, ó sì pẹ́ kí àwọn kan nínú wọn tó gbà pé iṣẹ́ ẹ̀rọ lè bá tọwọ́ dúró lórí ìtẹ́ kan náà. Ní ọdún 1989, Caryl Bryer Fallert fi kúílìtì tó pè ní Corona II: Solar Eclipse gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi ìpàtẹ ńlá tó ń wáyé ní ìlú Paducah, ìpínlẹ̀ Kentucky. Òun ni kúílìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán tó gba ẹ̀bùn náà. Ní nǹkan bí àkókò yẹn kan náà ni ẹ̀rọ longarm ń wọ ilé àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn á to ìpele òkè fúnra wọn nílé, wọ́n á sì gbé e lọ fún oní-longarm kí ó bá wọn rán an pọ̀, wọ́n á san owó iṣẹ́.

Ẹ̀rọ náà fẹ́ àyè. Wọ́n á ká aṣọ mọ́ àwọn ọ̀pá gígùn lórí férémù tó lè tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 12. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó ń yí lórí irin, àyè tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti ìdí ọrùn rẹ̀ sì lè tó íǹṣì 18 sí 30. Òṣìṣẹ́ dúró, ó di ẹ̀rọ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń tì í kiri bó ṣe fẹ́. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wa, eyín irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ló ń fa aṣọ, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà ni òwú ń gbà wá nígbà gbogbo, télọ̀ tó bá sì ti rí i pé tẹ́ńṣàn òun, ìyẹn bí òwú ti le tó, dára láàárọ̀ lè ránṣọ dìrọ̀lẹ́ láìfọwọ́ kàn án mọ́. Ti longarm kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ dúró sójú kan, abẹ́rẹ́ ló ń rìn: ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ó ń pa dà sẹ́yìn, ó ń yí po, ojú abẹ́rẹ́ tó ń rán ní ìṣẹ́jú kan sì lè lé ní 2,000. Òwú tó ṣe dáadáa lójú ìlà tó tọ́ lè dojú tì wá níbi tí ìlà ti tẹ̀.

Ojú abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ọdún 1846 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Elias Howe ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń rán an, ìlànà rẹ̀ kò sì tíì yí pa dà. Abẹ́rẹ́ á gbé òwú òkè gba inú aṣọ kọjá sísàlẹ̀. Bó bá ti ń gòkè pa dà, òwú yẹn á dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á di ojóbó kékeré. Ìkọ́ tó ń yí nísàlẹ̀ á mú ojóbó náà, á gbé e yí bọ́bìn po, òwú òkè á sì ti kọ́ mọ́ òwú ìsàlẹ̀. Apá irin tó ń lọ sókè sódò níwájú ẹ̀rọ á wá fa èyí tó ṣẹ́kù sókè. Ibi tí òwú méjèèjì yóò ti kọ́ra dá lórí èyí tó lágbára jù nínú wọn, bí ìgbà tí ọ̀wọ́ ọmọdé méjì ń fa okùn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí tòkè bá borí, àwọ̀ òwú ìsàlẹ̀ á yọ tótótó lójú aṣọ. Bí tìsàlẹ̀ bá borí, tòkè á yọ sẹ́yìn. Inú ìpele àárín ni à ń fẹ́ kí wọ́n ti pàdé, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé.

Kí ló dé tí bọ́bìn fi gbọ́dọ̀ ṣáájú? Òwú òkè ní ọ̀nà púpọ̀ tí a lè fi fún un tàbí kí a dẹ ẹ́. Ó gba inú ihò bíi mélòó kan, ó gba àárín àwo irin kéékèèké méjì tí à ń fọwọ́ yí ìdí wọn, ojú wa sì tó gbogbo rẹ̀. Òwú ìsàlẹ̀ kò ní ju irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan lọ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kéèsì, àti ìdè kékeré kan tó ń di irin yẹn mú. Ẹni tó bá ń yí tòkè kiri nígbà tí tìsàlẹ̀ kò tíì dúró sójú kan kò ní mọ èyí tó ń bá jà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Òwú méjèèjì lè dọ́gba nítorí pé àwọn méjèèjì le, wọ́n sì lè dọ́gba nítorí pé àwọn méjèèjì dẹ̀. Lójú ìlà tó tọ́, ẹ kò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Àmọ́ èyí tó dọ́gba ní líle yóò máa já òwú, yóò máa fún aṣọ jọ, yóò sì máa tẹ abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ọwọ́ àgbà fi máa ń wá ìwọ̀n tó dẹ̀ jù lọ tí bọ́bìn lè gbà láìtú dànù, tí yóò wá dẹ tòkè náà kí ó wá bá a níbẹ̀. Ojú kọ́ ló fi ń wá a. Ìka méjì ló fi ń fa òwú, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ń yọ: ṣé geere ló ń bọ̀, àbí ó ń ta kọ́kọ́ lójú ọ̀nà?

Bó bá ń ta kọ́kọ́, kì í sáré lọ bá ìdè. Ó lè jẹ́ bọ́bìn ni wọn kò ká dáadáa, tó fún níbì kan tó tú níbòmíràn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi bọ́bìn sínú kéèsì kó máa yí sí ọ̀nà òdì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀hù òwú. Ẹ̀hù kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ irin pẹlẹbẹ yẹn ti tó láti gbé e sókè, òwú á sì máa kọjá bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dì í mú. Etí ìwé líle ni wọ́n fi ń gbá a jáde. Lẹ́yìn èyí nìkan ni ìdè kàn. Wọ́n máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó wo orí ìdè náà bí ojú aago, kí ó má sì yí i ju láti 12 dé 1 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí àwo ni kí ó sì ti ṣe é, nítorí ìdè tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó dìgbà.

Àdánwò kejì wà tí mo rí pé ó hàn kedere ju ti àkọ́kọ́ lọ. A gbé kéèsì lé àtẹ́lẹwọ́, a fa òwú sókè. Ó yẹ kí kéèsì dìde dúró, kí ó má sì kúrò lórí ọwọ́. Àwọn mìíràn ra òṣùwọ̀n Towa, ohun èlò ará Jàpáàn tí wọ́n ń gbé kéèsì sí, tí yóò sì sọ nọ́ńbà bí òwú ti ń yọ. Mi ò rí i pé èyí bu ọwọ́ kù. Ó ń bá ọwọ́ rántí ni: oníṣẹ́ á kọ ọ́ sínú ìwé pé òwú báyìí, nọ́ńbà báyìí, nígbà tí irú òwú yẹn bá sì tún dé, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé dúró.

Nọ́ńbà kì í parí ọ̀rọ̀ ṣá. Ara aṣọ ló ń parí ẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ férémù, lórí irú aṣọ kan náà àti irú ìpele àárín kan náà, oníṣẹ́ á fi òwú aláwọ̀ méjì dán an wò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Yóò ya òbírípo. Yóò ya igun ṣóńṣó. Yóò sáré, yóò rọra. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn, tí yóò sì fi èékánná rìn lórí ìlà. Bí òwú ìsàlẹ̀ bá nà tantan tí èékánná fi lè gbé e sókè, ó ti le ju tòkè lọ. Bí àwọn ojóbó wẹ́wẹ́ bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbírípo, èyí tí àwọn oníṣẹ́ Amẹ́ríkà ń pè ní irun ìpéǹpéjú, ìtumọ̀ rẹ̀ jìn díẹ̀. Ẹ̀rọ ṣì ń rìn nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, nítorí náà abẹ́rẹ́ á tẹ̀ díẹ̀, ìkọ́ kò sì ní bá òwú níbi tó ti ń retí rẹ̀. Lójú ìlà tó tọ́ a kì í rí i. Bí ọwọ́ bá yára lójú ibi tó tẹ̀, gbangba ló máa ń hàn. Ẹlòmíràn á fún òwú òkè díẹ̀, ẹlòmíràn á dín eré kù níbi tó ti ń yí, ẹlòmíràn á lọ gbé abẹ́rẹ́ tó nípọn jù. Abẹ́rẹ́ MR 4.0 tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, torí kí ó má baà tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Èyí tó bá dín eré kù ni mo máa ń kan sáárá sí, torí ó gbà pé ọwọ́ òun náà wà lára tẹ́ńṣàn.

Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Irun àgùntàn tó nípọn máa ń dárí jini: àyè wà nínú rẹ̀ fún òwú méjèèjì láti fara pamọ́ sí. Ìpele àárín olówùú tó fẹ́lẹ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bátíìkì, tí híhun rẹ̀ há pinpin, kì í tètè pa ojú ihò abẹ́rẹ́ dé, òwú tí ì bá sá wọlé á jókòó síta. Òwú pọliẹ́sítà máa ń nà, ẹ̀hù rẹ̀ kò sì pọ̀. Tòwú gidi máa ń wu ẹ̀hù, kéèsì sì ń fẹ́ gbígbá léraléra. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti ń ṣe é bọ̀ láti ogún ọdún fi máa ń tún bọ́bìn dán wò bí ẹni pé òní ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tó mú kí ìṣọ́ra yìí tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀yìn aṣọ kọjú sílẹ̀ ní gbogbo àkókò tí iṣẹ́ ń lọ. Ojú aṣọ lè máa dán, kí ẹ̀yìn sì ti di jákujàku láti bíi wákàtí kan. Títú òwú yẹn, ojú kan tẹ̀lé òmíràn, yóò gba àkókò tó ju ti rírán rẹ̀ lọ fíìfíì. Nítorí náà, bí bọ́bìn bá ti tán, oníṣẹ́ a kán ẹ̀kán epo kan ṣoṣo sí ìkọ́, a gbá ẹ̀hù, a gbé kéèsì tuntun rọ̀ lórí òwú rẹ̀, a mi ọwọ́. A rán díẹ̀, a tan iná sábẹ́ férémù, a bẹ̀rẹ̀ wò ó. Níbi àwọn ìpàtẹ ńlá, àwọn tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun máa ń dúró ti kúílìtì láti bá àlejò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, torí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán kàn án. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín, kí ẹ sì wo àwọn òbírípo.