Ta ni Ẹ̀kọ́ Wa Kò Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀? Àyẹ̀wò Ìgbaradì Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ Yorùbá fún Ẹ̀kọ́ Àjùmọ̀kọ́ àti T.P. Àkọ́kọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀." Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n ètò tí a fi ń múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ Yorùbá sílẹ̀ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí T.P. Bí ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ bá wọ́ ní kíláàsì, òun ni a máa ń dá lẹ́bi. Èrò wa ni pé ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí a wò, ìyẹn ohun tí a fi kọ́ ọ àti ohun tí a fi ń fún un ní máàkì.

Ohun tí a pè ní ẹ̀kọ́ àjùmọ̀kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni ètò tí ọmọ tí ó ní ìpèníjà ara àti ọmọ tí kò ní yóò fi jọ jókòó ní kíláàsì kan náà, tí ẹ̀kọ́ yóò sì yé àwọn méjèèjì. Apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ìjókòó nìkan kò tó.

Ìlẹ̀kùn tí ó ṣí ní Ìsọlọ̀

Àdúgbò Jakande Estate ní Ìsọlọ̀ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ apá kan nínú ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Èkó. Alhaji Lateef Jakande ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 títí di òpin 1983. Ìjọba rẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ìjọba yìí kan náà ni ó sáré kọ́ àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ gbọọrọ, onílé ilẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà máa pín ara wọn sí ìpín àárọ̀ àti ìpín ọ̀sán mọ́. Àwọn kan fi àwọn ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni wọ́n. Síbẹ̀, ọmọ tálákà rí àyè jókòó, ìlẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ sì ṣí.

Láti ìgbà náà ni òfin ti ń tẹ̀lé òfin. Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, àwọn aṣojú ìjọba 92 pàdé ní Salamanca ní orílẹ̀-èdè Spain, wọ́n sì fẹnu kò pé ilé-ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ni ó yẹ kí ó gba gbogbo ọmọ, ohun yòówù kí ìpèníjà wọn jẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà ara ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Láàrin méjèèjì, ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó tún ṣe òfin tí ó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ibi tí àwọn òfin wọ̀nyí ti pàdé. Òfin kan ní kí gbogbo ọmọ kọ́ Yorùbá. Òmíràn ní kí a má ṣe ti ọmọ kankan sẹ́yìn nítorí ìpèníjà ara. Kíláàsì Yorùbá ni wọ́n ti kọlu ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ẹni ogún ọdún sì ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jakande Estate ni a rán akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ náà sí, tí a sì fún un ní àmì ohùn láti kọ́ àwọn ọmọ. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ilé: igba tí í ṣe òǹkà, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ó dúró fún àkókò, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ó pè wọ́n ketekete, ó ní kí àwọn ọmọ pè é tẹ̀lé òun. Ohùn gbogbo kíláàsì gbòde. Lójú ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀kọ́ náà dára.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Ariwo ọkọ̀ òfurufú tí ó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà tún ń bo ìwọ̀nba tí ó ń gbọ́ mọ́lẹ̀. Ẹnu olùkọ́ ni ó ń wò. Ṣùgbọ́n igba, igbá, ìgbà àti igbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìyàtọ̀ kankan lójú ẹni tí ń wo ètè. Inú ọ̀nà ọ̀fun ni ìyàtọ̀ wọn ti ń wá, ojú kò sì lè dé ibẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí ọmọ yìí ti lè fi ojú rí ohùn Yorùbá ni orí pátákó ìkọ̀wé, bí olùkọ́ bá fi àmì sí i. Olùkọ́ tí ó bá kọ "igba" lẹ́ẹ̀mẹrin láìsí àmì, tí ó ní ẹnu òun yóò ṣàlàyé ìyókù, ti ti ọmọ náà mọ́ta. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tí àwọn kan ń pè ní ọ̀ṣọ́ lásán ti di ọ̀nà àbáwọlé fún un.

Ti ọmọ tí ó kọ́ èdè àfọwọ́sọ tún le ju èyí lọ. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957 àti ní Ìbàdàn ní 1960. Èdè àfọwọ́sọ ti Amẹ́ríkà ni ó mú wá, orí rẹ̀ sì ni a kọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ adití wa ń lò lé. Nítorí náà, inú ìwé ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ti sábà ń bá Yorùbá pàdé.

Akẹ́kọ̀ọ́ kejì ni ọmọ tí kò ríran. Ohùn ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yé e ju gbogbo kíláàsì lọ, ṣùgbọ́n pátákó kò wúlò fún un. Bí olùkọ́ bá ń sọ pé "ẹ wo èyí, ẹ wo ìyẹn", kò mọ ohun tí a nawọ́ sí. Bí a bá fi igbá gidi lé e lọ́wọ́, tí olùkọ́ sì ń ka ohun tí ó ń kọ sókè, ẹ̀kọ́ náà ti di tirẹ̀. Ohun tí ó ran ọmọ kìn-ín-ní lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti èkejì, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ kan náà lè gba méjèèjì bí a bá ti rò ó sílẹ̀ láti ilé.

Fọ́ọ̀mù alábòójútó

Ìwé ìlànà àjọ NCCE ti 2012 ya ẹ̀kọ́ àkànṣe sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn. Àwa tí a wà ní ẹ̀ka Yorùbá ń pàdé rẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì àpapọ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń há oríṣiríṣi ìpèníjà àti ìtumọ̀ wọn sórí. Bí ìdánwò bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. Ẹni tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àkànṣe kò sọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ẹni tí ń kọ́ni ní àmì ohùn kò sọ̀rọ̀ adití.

Fọ́ọ̀mù tí alábòójútó sábà máa ń mú lọ sí kíláàsì ni ó tún dí àlàfo náà pa. Ó ń béèrè nípa ìmúra, ohùn tí ó já gaara, ìlò pátákó, ìkáwọ́ kíláàsì àti ìṣọ́ àkókò. Olùkọ́ ni gbogbo ìbéèrè náà ń wò. Kò sí èyí tí ó béèrè pé, "Ta ni ẹ̀kọ́ yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?" Ohun tí a bá sì ń fún ní máàkì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọbi ara sí.

Àwọn kan lè sọ pé èrò ti pọ̀ jù ní kíláàsì Èkó, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà wà, bí irú Pacelli ní Sùúrùlérè tí ó ti ń kọ́ àwọn afọ́jú láti 1962. Òótọ́ ni. A kò sì sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè àfọwọ́sọ. Ojúṣe ìjọba ni láti pèsè ògbufọ̀ àti ìwé Braille. Ṣùgbọ́n ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, kíláàsì wa ni ó wà. "Olórí kunkun" ni a ń pè é.

Òwe mìíràn tún ń dí wa lọ́nà: "A kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á." Ìwà ọmọlúàbí ni òwe náà ń kọ́ wa, pé kí a má dójú ti ẹni lójú àwùjọ. Àṣìlò rẹ̀ ni kí olùkọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí ìpèníjà rárá. Ó yẹ kí ó pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, kí ó béèrè ibi tí ó ti ń gbọ́ jù.

Àbá àti àgbálọgbábọ̀

Àbá mẹ́ta ni a mú wá. Èkíní, kí olùkọ́ ọ̀nà ìkọ́ni Yorùbá máa béèrè nínú nóòtì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́rọ̀ àti ẹni tí kò ríran. Èkejì, kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ T.P. jẹ́ ti wíwo àti bíbéèrè, kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ mọ àwọn ọmọ tí òun fẹ́ kọ́. Ẹ̀kẹta, kí fọ́ọ̀mù alábòójútó ní àyè fún ìbéèrè yẹn, kí máàkì rẹ̀ má sì kéré sí ti ìmúra.

Tí a bá tún òwe àkọ́kọ́ wò, a óò rí i pé amúkùn-ún ni ó mọ ibi tí ẹrù ti wọ́. Àwọn tí wọ́n dúró ṣánṣán kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a bi í kí a tó fún ẹrù náà ní máàkì.