Ronúpìwàdà: Ta Ni A Ṣẹ̀?



Púpọ̀ nínú àwa tí a ń bọ Òrìṣà ní Amẹ́ríkà, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí a bá jókòó pọ̀ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, a máa ń fi ìdáríjì àwọn onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. A ó ní wọ́n ń dẹ́ṣẹ̀ ní Sátidé, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Àìkú, ó tán. Ẹ̀fẹ̀ yìí dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àríwísí. Ẹni tí yóò bá tako ẹ̀kọ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ló ṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá láàárín àwọn ọdún 1800. Níbi tí èdè Gíríìkì ti sọ metanoia, tí ó jẹ́ kí èrò ènìyàn yí padà, Bíbélì Yorùbá sọ pé "ronúpìwàdà": kí o ronú, kí o sì pa ìwà dà. Bíbélì náà tún lo "ẹbọ" àti "ètùtù", ọ̀rọ̀ ilé wa, láti fi sọ ohun tí Jésù ṣe lórí àgbélébùú.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì rọrùn bí a ti ń sọ ọ́. Nínú Léfítíkù orí 6, ẹni tó bá jalè tàbí tó rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ gbọ́dọ̀ dá ohun náà padà, kí ó fi ìdámárùn-ún rẹ̀ kún un, kí ó sì mú àgbò wá fún ẹbọ. Nínú Lúùkù orí 19, Sákéù agbowó-orí ní òun yóò dá owó tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Nínú Mátíù orí 5, Jésù ní kí ẹni tó bá rántí níwájú pẹpẹ pé arákùnrin òun ń bínú sí òun fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ bá a làjà ná.

Ibo wá ni àríwísí wa wà? Ó wà nínú ọ̀ràn Dáfídì. Ó gba ìyàwó Ùráyà, ó sì mú kí wọ́n pa ọkọ náà lójú ogun. Nígbà tí wòlíì Nátánì bá a wí, ó jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀ sí Olúwa. Nátánì ní Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò. Lóòótọ́ ìyà jẹ ẹ́, ọmọ rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ta ni ó lọ bẹ àwọn ará ilé Ùráyà? Sáàmù 51, tí wọ́n so mọ́ ọ̀ràn yìí, tilẹ̀ sọ pé Ọlọ́run nìkan ni ó ṣẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ máa ń dáhùn pé Ọlọ́run ló dá ènìyàn, nítorí náà ẹni tó ṣẹ ènìyàn ṣẹ Ọlọ́run pẹ̀lú. A gbà. Ṣùgbọ́n "pẹ̀lú" yàtọ̀ sí "nìkan".

Wọn a tún tọ́ka sí ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù orí 15, tí bàbá rẹ̀ sáré lọ dì mọ́ra. Ìtàn rere ni. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn gan-an ni ọmọ náà ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a foríjì.

Nílé Yorùbá, ẹni tó bá ṣẹ̀ máa ń wá àgbà tí yóò sin ín lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀. Yóò dọ̀bálẹ̀, tàbí kí ó kúnlẹ̀ bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀. Ẹbọ kò lè gba ipò ẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Irú Dáfídì wà láàárín wa. Ẹlòmíràn jẹ owó ẹgbẹ́, tàbí ó ba ọmọ-awo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Tí ó bá dé iwájú Ifá, ohun tí ó kọ́kọ́ ń bèèrè ni iye owó ẹbọ. Bí babaláwo bá gba owó náà láìbèèrè ẹni tí a ṣẹ̀, kí ni a tún fi ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wí?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Ifá, ẹ máa bèèrè kí ẹ tó ka ohun ẹbọ: Ta ni o ṣẹ̀? Ṣé o ti rán àgbà sí i? Kí ni o ti dá padà? Bí ẹni náà bá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ. Bí ó bá kọ ẹ̀bẹ̀, ẹ má fi ipá mú un, nítorí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdáríjì. Ohun tí a jẹ ẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a rú ẹbọ. Èṣù tó ń gbé ẹbọ mọ ọ̀nà ilé ẹni tí a ṣẹ̀.

Kí ẹbọ wa fín, kí ó dà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.