Ta Ló Bá Wa Tọ́jú Wọ́nyọ̀sí?

Àwọn lámèyítọ́ wa a máa sọ pé ohun tó bá ní láárí kì í parun, pé ohun tí ayé bá ti gbàgbé, àìníláárí rẹ̀ ló pa á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ kan lòde ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ lítíréṣọ̀ títí di òní. Ìwé ìròyìn kan lòde ní àkókò kan náà, ọmọ ogún ọdún òní kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé aṣọ náà ní láárí ju ìwé náà lọ. Aṣọ náà rí ẹni gbé e pamọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi aṣọ náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun tí Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá jà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, iye owó epo rọ̀bì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀, owó sì ya wọ Nàìjíríà bí omi òjò. Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ọdún 1975 bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ gba ẹ̀kúnwó oṣù mélòó kan papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, aráàlú sì sọ owó náà ní Ùdójì. Rédíò ni wọ́n fi rà, alùpùpù ni wọ́n fi rà, léèsì ni wọ́n fi rà. Èyí tó gbayì jù nínú léèsì náà ni wọ́nyọ̀sí, aṣọ oníhò jákujàku bí èyí tí eku jẹ, tí ó sì wọ́n ju èyí tí ara rẹ̀ pé lọ.

Ní Wásinmi, níbi tí mo ti ń kọ èyí ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, àgbẹ̀ kòkó ló pọ̀ jù nínú àwọn àgbà. Ùdójì kò kan àgbẹ̀. Ọ̀wọ́n ọjà tó tẹ̀ lé e nìkan ló kàn wọ́n. Síbẹ̀, ẹ wo àwòrán ara ògiri nínú pálọ̀ wọn: léèsì, bàtà gàràntí tó ga bí àpótí ìjókòó, ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gbálẹ̀. Ẹni tí kò gba owó náà ń san owó oge rẹ̀. Òpìtàn tó bá fọwọ́ rọ́ oge sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ohun yẹpẹrẹ kò ní rí ìyẹn kà nínú ìwé ìjọba kankan.

Wọlé Ṣóyínká ló gbé wọ́nyọ̀sí pamọ́ fún wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, ní Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ó gbé eré Opera Wonyosi sórí ìtàgé. Ara eré Brecht ará Jámánì ló ti yọ ọ́, ó sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà olójúkòkòrò lọ sí ìlú Bokassa, ọ̀gágun tó fi ara rẹ̀ jọba ńlá ní oṣù náà gan-an. Etí Yorùbá kò ní ṣàì gbọ́ ẹ̀fẹ̀ inú àkọlé náà: òpè ra wọ́nyọ̀sí. Lójú tèmi, kì í ṣe èyí tó dára jù nínú eré rẹ̀, nítorí ẹyẹ tó ń ta lọ́fà pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò ṣe: ó fi aṣọ náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ẹ̀sùn.

Àwọn àjèjì náà bá wa pa nǹkan mọ́. Ní ọdún 2010, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna pàtẹ léèsì wa fún aráyé wò, nítorí àwọn ará Vorarlberg ní Austria ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ fún wa. Ẹni tó tà á rántí ju ẹni tó rà á lọ. Ní ti irun dídì, ọmọ ilé ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán orí àwọn obìnrin ní ọdún 1968. Bí kò bá ṣe tirẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ lónìí bí onílé gogoro ti rí láti ẹ̀yìn?

Atọ́ka kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọdún 1967 ni ìwé ìròyìn eré aláwòrán yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò á ṣe eré wọn níwájú kámẹ́rà, wọn á to àwòrán náà tẹ̀ léra, wọn á sì kọ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù sínú àwòrán. Ẹni tí kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ lè kà á, ẹni tí kò kàwé rárá sì lè wojú òṣèré kí ó mọ ẹni tó ń purọ́. Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo wà lára àwọn gbajúmọ̀ rẹ̀, ọkùnrin tí àrùn rọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kékeré, tí ó sì fi ìtàn ayé ara rẹ̀ ṣe Orogún Adédigba. Ó kú ní ọdún 2000. Àwọn àgbà rántí Kóòtù Aṣípa tó ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n; àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Àwọn òṣèré alárìnjò kì í sábà kọ eré wọn sílẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ á sọ bí ìtàn ti rí, òṣèré á sì fa ọ̀rọ̀ yọ lórí ìtàgé, èyí tó bá pa àwọn èrò lẹ́rìn-ín lálẹ́ òní ni yóò tún padà wá lọ́la. Nítorí náà, ìwé pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà yìí wà lára ìwọ̀nba ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti balẹ̀ sórí tákàdá. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣọ̀fọ̀ àìsí ọ̀rọ̀-geere eré Yorùbá kọjá lára rẹ̀ láìra ọ̀kan, wọ́n ní ìwé àwọn tí kò kàwé ni.

Ó yani lẹ́nu pé olè tún sàn jù wá lọ nídìí ìrántí. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, yáwó ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, tí Ọlá Balógun sì darí rẹ̀, àwọn olè ṣe àdàkọ fíìmù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì tà á káàkiri. Gbèsè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó wo fíìmù náà, kásẹ́ẹ̀tì olè ni wọ́n fi wò ó. Mi ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ olè, mi ò sì lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Túndé Kèlání ni ìbá bá wa wá Atọ́ka jáde, nítorí òun ni ọ̀gá ìrántí láàárín wa. Ní ọdún 1997, ó fi ìwé Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974 ṣe sinimá, ìró kúkúrú tí kò ju orúnkún lọ sì padà sóde. Àwọn aránṣọ sọ aṣọ náà ní oleku, orúkọ tí àwọn ìyá tó wọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ kò mọ̀. Fíìmù náà dùn, ìfẹ́ inú rẹ̀ sì dun ni. Àmọ́ ayé tó fi hàn wá mọ́ jù. Ìṣòro ọkàn nìkan ló wà níbẹ̀. Ìjọba Abacha la wà nígbà náà, ó sì rọrùn láti ra àná tí kò ní àbàwọ́n. Ní ọdún 2021 ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà tí wọ́n pa níbi ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1980. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin rẹ̀. Mo fara mọ́ èyí ju Ó Le Kú lọ, nítorí kò bo ìwà ipá ọkùnrin náà mọ́lẹ̀.

Atọ́ka tí mo rí gbẹ̀yìn ní Wásinmi, ìyá ẹlẹ́pà kan ló fi ojú ìwé kan nínú rẹ̀ pọ́n ẹ̀pà fún mi. Apá ibi tí ìyàwó ti ń sọ̀rọ̀ ti ya dànù. Ọkọ dìde dúró, ó na ìka sókè, ó ń fi ìbínú dáhùn ìbéèrè tí mi ò rí kà.