Ìtàn Rodriguez Dùn, Orin Rẹ̀ Ńkọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ti Sixto Rodriguez kò rí bẹ́ẹ̀. Òde ló ti gba ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, ó sì tó nǹkan bí ọdún 40 kó tó gbé e délé. Ẹni tó bá ti wo fíìmù Searching for Sugar Man ti mọ ìtàn yìí, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń pàlọ́. Ìbéèrè tèmi ni pé: nínú gbogbo wa tá a mọ ìtàn ọ̀hún, àwa mélòó la fetí sí orin náà dáadáa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìtàn lélẹ̀ ná. Ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1942. Òun ni ọmọ kẹfà, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Sixto. Àwa tá a ní Ìdòwú àti Àlàbá nílé mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé àwo orin Cold Fact jáde lọ́dún 1970, Coming from Reality sì tẹ̀lé e lọ́dún 1971. Méjèèjì kò tà nílé. Ilé-iṣẹ́ Sussex tó gbé wọn jáde já a sílẹ̀, ló bá gba ìdí iṣẹ́ agbára lọ: ó ń wó ilé, ó ń tún ilé ṣe.

Àṣé àwo orin náà ti dé Gúúsù Áfíríkà. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń fipá kó wọṣẹ́ ológun ń kọ ọ́ lórin. Wọ́n tiẹ̀ gbà pé ó ti pa ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Ọdún 1997 ni wọ́n tó mọ̀ pé ó wà láàyè, nígbà tó sì dé ibẹ̀ lọ́dún 1998, èrò kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Fíìmù tí Malik Bendjelloul ṣe nípa rẹ̀ jáde lọ́dún 2012, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2013. Rodriguez kú lóṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 81.

Ìtàn dùn, àbí kò dùn? Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú fíìmù náà ni pé ó bu iyọ̀ sí i. Rodriguez lọ kọrin ní Ọsirélíà lọ́dún 1979, ó sì tún padà lọ́dún 1981. Fíìmù ò sọ èyí rárá. Ṣebí bó bá sọ ọ́, a ò ní gbà pé ẹni tó sọnù pátápátá ni wọ́n wá rí he. Àlọ́ borí, ìtàn wọlẹ̀, orin wá di ohun tí wọ́n fi ń gbe àlọ́.

Bẹ́ẹ̀, orin ọ̀hún tó gbọ́. Nínú "Sugar Man", olórin ń pe ẹni tó ń ta oògùn olóró. Ohùn orin dùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ korò, kò sì bá wa wàásù. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà mọ̀ pé ó tó nǹkan, torí wọ́n fi nǹkan mímú ha ojú àwo tó wà nílé-iṣẹ́ rédíò wọn kí ẹnikẹ́ni má baà lè lò ó. Nínú "The Establishment Blues", ńṣe ló ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí eléfẹ̀ bá ń tú àṣírí ìlú lóru.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló dára o. Nígbà mìíràn ó máa ń to àwòrán lórí àwòrán títí ọ̀rọ̀ á fi fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú Coming from Reality, gòjé àwọn òyìnbó bo ohùn rẹ̀ níbi púpọ̀, "I Think of You" sì jẹ́ orin ìfẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ. Ṣùgbọ́n "Cause" ló gbẹ̀yìn àwo náà. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sunkún, kò pariwo. Lójú tèmi, orin yẹn nìkan tó ẹni tó fẹ́ jẹ́ akéwì.

Kí ló wá kàn wá? Àwa tá à ń kọ ewì sínú ìwé tá a fọwọ́ ara wa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ìtàn Rodriguez lè tàn wá. Ó máa ń dà bíi pé: ẹ ṣáà máa kọ, àwọn kan ní ìlú jíjìn á rí yín lọ́jọ́ kan. Irọ́ ni. Rodriguez ò parí àwo kẹta láéláé. Owó àwo tí wọ́n tà ní Gúúsù Áfíríkà ò dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọdún tí ì bá fi kọrin, bíríkì ló fi wọ́n rù. Ìyìn tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn dára, ṣùgbọ́n kò lè kọ orin tí kò kọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tún fíìmù náà wò, ẹ gbọ́ "Cause" lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá sì dìde láti ka ewì rẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sọ fún un ibi tó ti dára àti ibi tó ti kù káàtó. Ẹ má dúró kó di ẹni tí wọ́n ń wá.